Ọ̀rọ̀ Lára Àwòrán Àtijọ́: Láti Orí Àdìrẹ Ọlọ́ba Dé Iṣẹ́ Kelani Abass

Ọ̀nà kan gbòógì tí àwọn oníṣẹ́-ọnà òde-òní ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n mú àwòrán àtijọ́, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, kí ọ̀rọ̀ náà sì yí ìtumọ̀ àwòrán padà. Ní Amẹ́ríkà, Barbara Kruger, tí a bí ní 1945, gbajúmọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun láti inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ó máa ń lò, tí yóò sì fi gbólóhùn kúkúrú tí ó ta ni lára lé e lórí. Nítorí pé irú wọn ni ìwé pọ̀ lórí, ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ láti rò pé ọgbọ́n òkèèrè ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn aláró Yorùbá ti ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́ ní ọdún mẹ́wàá kí a tó bí Kruger.

Ní 1935, Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwòrán òun àti Ayaba Mary sì kún ara oríṣiríṣi ohun ìrántí. Kò pẹ́ tí àwòrán náà fi dé orí àdìrẹ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ni ó ń gé àwòrán sára páànù. Àwọn obìnrin a tẹ́ páànù náà lé aṣọ funfun, wọn a fi ẹ̀kọ láfún kùn ún, wọn a sì ri aṣọ bọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kì í mú. Aṣọ yìí ni a ń pè ní Ọlọ́ba. Ọba náà wàjà ní 1936, ṣùgbọ́n àdìrẹ rẹ̀ kò bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a ṣì ń ṣe é. Bí a ti ń tún páànù gé ni àwòrán ń jìnnà sí fọ́tò, tí ọnà ìbílẹ̀ sì ń yí ọba àti ayaba ká. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní lẹ́tà lára. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìró ni àwọn obìnrin ń fi àdìrẹ ró: ọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú di ni wọ́n ń so mọ́ ìdí, tí wọ́n sì ń jókòó lé. Bóyá ẹ̀yẹ ni, bóyá yẹ̀yẹ́ ni, aṣọ náà kò sọ.

Àdìrẹ Ìbàdàndùn, tí àwọn obìnrin Ìbàdàn ń fi ìyẹ́ adìẹ yà, sọ tirẹ̀ jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, ni wọ́n yà, síbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Orúkọ aṣọ ni ó so méjèèjì pọ̀: ìlú tí ó dùn, síbí ni a fi ń tọ́ ọ wò. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ náà yóò rí ilé àti síbí, kò ní rí àwàdà.

Lẹ́yìn òmìnira, ọgbọ́n yìí dé ojú páálí àwo orin. Lemi Ghariokwu, tí a bí ní Èkó ní 1955, ya páálí àwo Fẹlá tí ó lé ní 20. Ó lo fọ́tò ṣọ́jà fún Zombie ní 1976. Ní 1989, lórí Beasts of No Nation, ó hu ìwo sí orí àwọn olórí ìjọba.

Ní ti Kelani Abass, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1979, àwàdà rẹ̀ rọra ju èyí lọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá rẹ̀ ṣe, ní ìlú kan náà tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859. Fọ́tò àtijọ́ àti ohun-èlò ìtẹ̀wé ni Abass ń lò. Nínú ọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Casing History, ó fi àwòrán ojú ènìyàn sínú àpótí onígi tí àwọn atẹ̀wé ń kó lẹ́tà òjé sí. Ibi tí ó yẹ kí lẹ́tà wà ni ojú ènìyàn wà; olùwòran ni yóò wá ọ̀rọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Òkun gan-an. Aṣọ ìpò pupa tí àwọn ará Bùnú hun fún ìsìnkú àgbà kò ní lẹ́tà kankan, síbẹ̀ ẹni tí ó bá rí i mọ irú ẹni tí ó kú. Lóde òní, fọ́tò àtijọ́ olóògbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni a ń tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà àti pátákó, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í sábà ní àmì ohùn. Bí a bá kọ BABA GBO, O TO sí abẹ́ fọ́tò arúgbó kan, ẹnì kan lè kà á pé “Bàbá gbó, ó tọ́”, tí í ṣe ẹ̀yẹ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń wá ẹ̀rín lè kà á pé “Bàbá gbó, ó tọ̀”. Àmì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìwúre àti èébú. Oníṣẹ́-ọnà lè mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì náà sílẹ̀ kí ìtumọ̀ méjèèjì lè wà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, àṣìṣe lásán ni tirẹ̀.

Nítorí náà, kíláàsì Yorùbá àti ti iṣẹ́-ọnà lè pa iṣẹ́ pọ̀ lórí kókó yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lè mú kàlẹ́ńdà tàbí fọ́tò àtijọ́ kan wá, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni ín, kí ó kọ gbólóhùn kan náà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn, ọ̀kan láìsí i. Kí ó wá gbé e padà sílé, kí àwọn àgbà kà á sókè.