Rakim Gẹ́gẹ́ bí Akéwì Onígègé: Ìgbésí Ayé Rẹ̀ àti Àwọn Àwo Tí Ó Ṣe

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ipò tí ó yẹ kí a fi iṣẹ́ Rakim, olórin ráàpù ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sí láàárín ewì alohùn àti ewì àkọsílẹ̀. Nítorí pé láti ẹnu ni a ti ń gbọ́ ráàpù, ó rọrùn fún lámèyítọ́ láti kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ewì alohùn, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èrò tiwa ni pé irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò bá iṣẹ́ Rakim mu. Gègé àti tákàdá ni ewì tirẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu wulẹ̀ ń kà á síta ni. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Bí a kò bá gbà pé òǹkọ̀wé ni ọkùnrin yìí, kò ní yé wa ìdí tí ọ̀rọ̀ pé ta ni ó ni iṣẹ́ fi ń yọjú léraléra nínú ìtàn àwo rẹ̀.

William Michael Griffin ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968 ni a bí i, Wyandanch ni ó sì dàgbà sí, ìlú kékeré kan ní Long Island, ìpínlẹ̀ New York, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Ìdílé olórin ni ó ti wá. Àbúrò òbí rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, ohun tí a ń pè ní àǹtí lónìí, ni Ruth Brown, olórin obìnrin tí àwo rẹ̀ mú owó ńlá wọlé fún ilé iṣẹ́ Atlantic ní àwọn ọdún 1950. Obìnrin yìí yẹ ní àkíyèsí, nítorí pé ó pẹ́ gan-an kí ó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà lórí àwọn àwo náà, ìjà tí ó sì jà lórí rẹ̀ wà lára ohun tí ó bí àjọ Rhythm and Blues Foundation ní ọdún 1988. Rakim ní tirẹ̀ kọ́ bí a ti ń fọn fèrè saxophone, àwo John Coltrane sì wà lára ohun tí ó ń gbọ́. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Nation of Gods and Earths, ó sì gba orúkọ Rakim Allah. Nínú ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ yìí, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan àti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀. A ó rí ipa èyí níwájú.

Ní ọdún 1986, Eric Barrier, dí-jéè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Eric B., ń wá ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ lórí àwo tí òun bá ń lù. Wọ́n fi Rakim hàn án, àwọn méjèèjì sì lọ sí ilé Marley Marl ní Queensbridge láti gba ohùn 'Eric B. Is President' àti 'My Melody' sílẹ̀. Ariwo ni a mọ ráàpù sí nígbà náà. Àwọn Run-DMC, tí òkìkí wọn ti kàn láti ọdún 1984, a máa ké bí ẹni tí ń pe ará òdìkejì odò. Rakim jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga, ó sì ń sọ tirẹ̀ bí ẹni tí ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Marley Marl àti MC Shan tí ó wà níbẹ̀ rò pé kò lo agbára tó, wọ́n ní kí ó gbé ohùn sókè. Kò dá wọn lóhùn. Lójú tiwa, ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ẹni tí ń pariwo kò ní èémí tí yóò fi pe ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ìlà kan, ọ̀rọ̀ tí Rakim kọ sínú ìwé sì pọ̀.

Níbi tí a dé yìí, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí a ń pè ní ìró abáramu. Nínú ọ̀pọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìró tí ó jọra ni a fi ń parí ìlà méjì, bí ìgbà tí a bá fi kókó kan náà di ẹnu àpò méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ráàpù ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú 'Rapper's Delight' tí àwọn Sugarhill Gang gbé jáde ní ọdún 1979, etí olùgbọ́ ti mọ ibi tí ìró náà yóò bọ́ sí kí ó tó bọ́ síbẹ̀. Rakim kò kọ òpin ìlà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìró abáramu wọ àárín ìlà. Kò sì fi mọ ní sílébù kan: sílébù méjì tàbí mẹ́ta níhìn-ín a máa bá méjì tàbí mẹ́ta lọ́hùn-ún mu. Gbólóhùn rẹ̀ a tún máa ré kọjá òpin ìlà, kí ó tó wá sinmi ní àárín èyí tí ó tẹ̀lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ìlù parí sí àti ibi tí ìtumọ̀ parí sí kì í ṣe ibì kan náà mọ́. Afọnfèrè ni ó kọ́ ọ ní èyí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ nígbà tí ó bá ń dárúkọ Coltrane. Ṣùgbọ́n gègé ni ó fi ṣe é. Ó ti ṣàlàyé pé òun a máa to àmì róbótó kéékèèké 16 sórí tákàdá láti dúró fún ìwọ̀n ìlù, òun a sì máa wo iye ọ̀rọ̀ tí àárín wọn lè gbà. Ẹni tí ń ti ẹnu ṣẹ̀dá ewì ní ojú agbo kò ní àyè irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Àwa tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń bá ewì wa ṣiṣẹ́ lè máa bi ara wa pé kí ni ìró lásán já mọ́. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, ohun tí akéwì rẹ̀ bá ní náà ni yóò lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ àpẹẹrẹ, kí ó gbọ́ 'Microphone Fiend' ti ọdún 1988, nínú èyí tí ó ti fi maikirofóònù wé oògùn tí ó ti di bárakú fún ni.

Àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, Paid in Full, jáde ní ọdún 1987. Nínú orin 10 tí ó wà nínú rẹ̀, mẹ́ta kò ní ẹsẹ̀ ewì Rakim kankan, ìlù àti ọwọ́ dí-jéè ni ó gbé wọn ró. Síbẹ̀, òun ni MTV fi ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo àwo hip-hop ní ọdún 2006. Orin tí ó fún àwo náà ní orúkọ sọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí àpò rẹ̀ gbẹ, tí ó rántí olè tí ó ń jà tẹ́lẹ̀, tí ó sì kọrí sí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni iṣẹ́? Orúkọ Eric B. ni ó ṣáájú lára páálí àwo. Marley Marl ní òun ni òun ṣe ìlù 'Eric B. Is President', Eric B. ní irọ́ ni. 'I Know You Got Soul' gé nínú orin Bobby Byrd tí ó jáde ní ọdún 1971, orúkọ kan náà ni ó sì jẹ́. Ẹgbẹ́ Coldcut ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún mú 'Paid in Full', wọ́n fi ohùn Ofra Haza, ọmọ Ísírẹ́lì, sí i lára. Ní ọdún 1989 ni wọ́n pa Paul C., tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Let the Rhythm Hit 'Em. Large Professor ni ó bá wọn parí rẹ̀, àwo náà sì jáde ní ọdún 1990. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu Rakim nìkan ni ẹnikẹ́ni kò bá a dù.

Don't Sweat the Technique ti ọdún 1992 ni ó kẹ́yìn àwọn méjèèjì. 'Casualties of War' wà nínú rẹ̀, tí a gbé sí ẹnu ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun Gulf ti ọdún 1991 bọ̀. A kò rò pé wọ́n yìn ín tó bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pínyà, ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn di ẹjọ́, ọdún márùn-ún sì kọjá kí àwo Rakim nìkan tó jáde. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní The 18th Letter (1997): lẹ́tà kejìdínlógún nínú ááfábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ni R. Ó dé ipò kẹrin nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ Billboard. The Master ti ọdún 1999 kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2000 ni ó bá Dr. Dre ṣe àdéhùn ní ilé iṣẹ́ Aftermath. Ní ọdún 2003 ó kúrò níbẹ̀ láìsí àwo kankan, nítorí pé ohun tí ó fẹ́ kọ àti ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò dọ́gba. Kò sí ohun tí ó fi òǹkọ̀wé hàn ju èyí lọ. The Seventh Seal jáde ní ọdún 2009, òun àti Eric B. sì tún jọ dúró lórí pẹpẹ ní gbọ̀ngàn Apollo ní ọdún 2017, nígbà tí Paid in Full pé ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 2019 ó gbé ìwé Sweat the Technique jáde, nínú èyí tí ó ti ń sọ bí òun ti ń kọ̀wé. Nígbà tí àwo G.O.D.'s Network: Reb7rth sì jáde ní ọdún 2024, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ìlù inú rẹ̀.