Jedda, ọmọ tí wọn kò bi ìyá rẹ̀ léèrè

Ní ọdún 1955, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Charles Chauvel gbé fíìmù Jedda jáde ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó ní àwọ̀ tí àwọn ará orílẹ̀-èdè náà fúnra wọn ṣe. Òun náà ló kọ́kọ́ fi àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tí òyìnbó bá níbẹ̀, ṣe olórí òṣèré: Robert Tudawali àti ọmọ iléèwé kan, Rosalie Kunoth. Àwọn tó ṣe fíìmù kò fẹ́ Rosalie. Wọ́n kọ Ngarla síbẹ̀, kí orúkọ náà lè dún bí ti onílẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ nìyí. Sarah, ìyàwó olóko màlúù, pàdánù ọmọ tuntun rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ onílẹ̀ kan wá fún un, tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí i. Sarah tọ́ ọ bí òyìnbó, kò jẹ́ kó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ rìn. Nígbà tí Jedda dàgbà, ọkùnrin onílẹ̀ kan, Marbuck, gbé e wọ igbó. Àwọn ará Marbuck kọ̀ wọ́n, nítorí òfin wọn kò gbà kí irú àwọn méjèèjì fẹ́ra. Orí àpáta ni wọ́n ti já bọ́, tí wọ́n kú.

Mi ò ní sọ pé fíìmù náà kò dùn ún wò. Ilẹ̀ pupa yẹn rẹwà, Tudawali sì mọ eré ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìjọba a máa gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, pàápàá àwọn tí bàbá wọn jẹ́ òyìnbó, kí wọ́n lè tọ́ wọn bí òyìnbó. Nínú fíìmù, ìyá Jedda ti kú, nítorí náà kò sí ẹni tí a ó bi bóyá ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní 1990, obìnrin onílẹ̀ kan, Tracey Moffatt, tí ìdílé òyìnbó gbà tọ́ ní kékeré, fi fíìmù oníṣẹ́jú 17 dá a lóhùn. Ó pè é ní Night Cries. Jedda kò kú níbẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ń tọ́jú ìyá òyìnbó náà tó ti di arúgbó: ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìbínú sì wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó pọ̀ jù.

Marcia Langton ló ṣe ọmọ náà. Ọ̀mọ̀wé ni, onílẹ̀ sì ni. Ní 1993, ó kọ ìwé kan nípa bí fíìmù àti tẹlifísọ̀n ṣe ń fi àwọn ènìyàn rẹ̀ hàn. Ó ní ọ̀pọ̀ ará Ọsirélíà kò mọ onílẹ̀ kankan. Ìtàn tí àwọn tó gba ilẹ̀ ń sọ ni wọ́n mọ̀. Bí ẹni tí kò dé Kétu rí, tó jẹ́ ẹnu awakọ̀ ló ti gbọ́ bí Kétu ṣe rí. Ṣùgbọ́n kò pọ́n àwọn tirẹ̀ náà: ó ní pé ẹnì kan jẹ́ onílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé fíìmù rẹ̀ á dára, tàbí pé yóò jẹ́ òtítọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní 2012 ni tẹlifísọ̀n ABC gbé Redfern Now jáde, eré alápá púpọ̀ tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn kọ, tí wọ́n sì darí. Ìgbésí ayé àwọn ìdílé ní àdúgbò Redfern, nílùú Sydney, ló dá lé.

Rosalie ṣe obìnrin ẹlẹ́sìn nínú ìjọ Anglican fún nǹkan bí ọdún 10. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ ọkọ, ó sì ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ títí tó fi kú ní oṣù kìíní 2022. Nínú fíìmù Jedda, Ngarla ni orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́.