Ilé Tí Wọ́n Kọ́ Sílé Kí Òfin Busia Tó Dé

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní ilẹ̀ Gáńà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kẹ́rù wọn kúrò nílùú. Oṣù Ramadan ni. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà ní Kumasi, ní Tamale, ní Accra àti ní àwọn ìlú kéékèèké gbogbo ti ń gbààwẹ̀ bọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìkéde náà tó kàn wọ́n lára. Gbèdéke pé ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá. Nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ yóò fi dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà, ọ̀pọ̀ wọn ti bára wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Èjìgbò, ní Ọ̀fà, ní Ìgbòho, ní Ìgbẹ́tì àti ní Ṣakí, nínú ilé tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sùn nínú rẹ̀ àfi bí wọ́n bá wá ṣọdún.

Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ń gbilẹ̀ láàárín àwa tí à ń gbé ìlú ńlá. Wọ́n ní owó tí èèyàn bá fi kọ́lé sí ìlú baba rẹ̀, tí kì í gbé inú ilé náà ju ọjọ́ mélòó kan lọ lọ́dún, owó tó ṣègbé ni. Wọ́n ní kí onítọ̀hún kúkú kọ́ ọ sí Èkó, kó máa gba owó ayálégbé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá mọ bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó ṣe fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó rí i pé ìṣirò àwọn bàbá àti ìyá wa wọ̀nyẹn jinlẹ̀ ju tiwa lọ.

Òwò ló gbé wọn lọ. Kí ọkọ̀ tó máa ná ọ̀nà náà rárá, àwọn oníṣòwò láti ìhà àríwá ilẹ̀ Yorùbá ti ń fẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Bàrìbá kọjá, wọ Tógò, títí wọn yóò fi dé àwọn ọjà tó wà ní òkè Góòlù Kóòsì, bí Gáńà ṣe ń jẹ́ nígbà náà. Nígbà tí kòkó wá so jìngbìnnì níbẹ̀, tí wọ́n ń wa góòlù àti dáyámọ́ǹdì nílẹ̀, owó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, àwọn tiwa sì tọ owó náà lọ. Ọjà wẹ́wẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń tà: aṣọ, àwo, abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, ṣúgà, ohun tí èèyàn lè pàtẹ sórí tábìlì kan ṣoṣo tàbí kó dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kó gbé e wọ abúlé. Ẹ̀gbọ́n á ránṣẹ́ pe àbúrò. Àbúrò á bá a tajà fún ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n á fún un lówó tí yóò fi dá dúró, òun náà á sì ránṣẹ́ sílé pe ẹlòmíràn. Nígbà tí Gáńà ka àwọn èèyàn rẹ̀ ní 1960, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000.

Àwọn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gbé ẹ̀sìn wọn dání pẹ̀lú. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gáńà, ọwọ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá ló ti bẹ̀rẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń wàásù nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà kọ́ mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ìlú tí ọmọ ìlú kan bá ti pọ̀ díẹ̀, wọ́n á dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n á máa dáwó. Owó tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dá nílé lóko wà lára ohun tó ń la ọ̀nà, tó ń kọ́ ilé ìwé, nígbà tí ìjọba ò tíì rántí ìlú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ nìyẹn. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Níbo ni kí ọkùnrin tàbí obìnrin tó rí èrè díẹ̀ lórí aṣọ tó tà ní Tamale kó èrè náà sí? Yóò fi kún ọjà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òrùlé bàbá rẹ̀ ló kàn. Agbo ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ilé amọ̀ ni, yàrá tò yí àgbàlá ká, koríko ló sì wà lórí rẹ̀. Bí iná bá sọ ní ìdílé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àdúgbò lè jó tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò lára ọmọ tó re àjò ni bóyá ó ti ká koríko kúrò lórí ilé bàbá rẹ̀, tó fi páànù bò ó. Ẹni tó ti ṣe ìyẹn lè wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ tòun.

Àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, Èkó ni ó ti wá, láti ọwọ́ àwọn Àgùdà. Àwọn wọ̀nyí ni ẹrú àti ọmọ ẹrú tó gba òmìnira ní Bràsíl, tí wọ́n padà sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà àárín gbọọrọ, yàrá ní ọ̀tún, yàrá ní òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, àwọn tó lágbára á sì fi àjà kejì lé e, á di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gbé iṣẹ́ náà wọ inú ilẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi kan àwọn tiwa tó wà ní Gáńà, irú ilé yìí ti di ohun tí gbogbo ọlọ́rọ̀ ń kọ́. Wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì, wọ́n á ya òdòdó sí orí òpó, wọ́n á kọ orúkọ onílé àti ọdún tí wọ́n parí ilé náà sí òkè gàgàrà níwájú ilé, kí ẹni tó ń kọjá lè kà á.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé. Púpọ̀ nínú wọn ò ra ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ baálé agbo ilé ni wọ́n ti lọ tọrọ rẹ̀, wọ́n sì kọ́lé náà sáàárín àwọn èèyàn wọn, nígbà mìíràn sórí ibi tí yàrá ìyá wọn ti wó. Nítorí náà kò sí ìgbà kan tí ilé náà ṣófo. Ìyá onílé ló ń gbé yàrá kan, àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó wà ní ìkejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń lọ sílé ìwé wà ní ìkẹta. Pálọ̀ àti yàrá kan péré ni wọ́n ń tì pa de onílé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ìdí aṣọ ìyá. Ìjà máa ń wà, mi ò ní purọ́. Ẹni tí wọ́n fowó sìmẹ́ǹtì rán lè fi fẹ́yàwó. Onílé á dé lọ́dún, á bá ògiri níbi tó bá a lọ́dún tó kọjá. Síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ilé náà ń ga, láàárín ọdún kan sí òmíràn, nítorí ìgbà tí onílé bá wálé nìkan ló lè fojú ara rẹ̀ rí i, tó lè bá bíríkìlà sọ̀rọ̀.

Ọdún ló ń mú un wálé. Mùsùlùmí á wá ṣe Iléyá, Kristẹni á wá ṣe Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ní méjèèjì nínú. Ìgbà náà ni wọ́n ń fi ìgbéyàwó sí, tí wọ́n ń ṣe òkú àgbà tó ti kú láti oṣù mélòó kan, tí wọ́n ń mú ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi wá kí ìyá bàbá rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má gbọ́ Yorùbá dáadáa. Twi tàbí Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú un rìn yí agbo ilé ká, tí ó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kì í ní oríkì, ó ti mọ ẹnu ọ̀nà ibi tó ti wá.

Láti 1961 ni nǹkan ti ń yí padà ní Gáńà. Ìjọba Kwame Nkrumah, tó ń ṣàkóso Gáńà nígbà náà, ṣe òfin tó ká fífi owó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ kò, fífi owó ilé kíkọ́ sọwọ́ sì di ohun tí ó gba ọgbọ́n. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí kí òfin náà tó dé, Ọlọ́run ló bá a ṣe é. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì wà ní ìpìlẹ̀ ń fojú wọ̀nà.

Òfin Busia wá dé. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba gbèsè tí èèyàn tà láwìn ní abúlé mẹ́wàá. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n ta ilé tí wọ́n kọ́ sí ọ̀hún ní owó tí kò tó owó páànù orí rẹ̀, ẹlòmíràn fi tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Lọ́rí kó wọn gba Tógò àti Dàhòmì, tó ń jẹ́ Benin báyìí, wálé. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tó kún fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi wá dá páropáro.

Ilé tí wọ́n ń bọ̀ náà kò rọ̀ṣọ̀mù. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù Keje ọdún yẹn ni rògbòdìyàn owó orí gbẹ̀mí Ṣọ́ọ̀un, ọba ìlú náà, fúnra rẹ̀, ìlú ò sì tíì bọ́ nínú ìpayà náà nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Gáńà. Yàrá tí wọ́n ń tì pa de onílé di ibi tí òun, ìyàwó àti gbogbo ọmọ ń sùn. Àwọn tí kò tíì kọ́lé lọ bá àwọn tó ti kọ́, torí ọmọ ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá wọn níbẹ̀, Kérésìmesì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ní owó àgbò tàbí aṣọ tuntun tó tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó ayálégbé ní Accra ní oṣù tó kọjá kò ní nǹkan kan mọ́ níbẹ̀, ẹni tó fi owó tirẹ̀ kọ́ yàrá mẹ́fà sí agbo ilé baba rẹ̀ sì ní òrùlé. Òtítọ́ yìí ni mo fi ń dá àwọn tó ń pè é ní owó tó ṣègbé lóhùn.

Kí a má sì gbàgbé pé ní oṣù Kìíní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì jáde, ará Gáńà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó dun àwọn tiwa ní 1969 dun àwọn náà.

Àwọn kan nínú àwọn tiwa tó padà wá láti Gáńà di àgbẹ̀, àwọn kan gba Èkó lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ní tiwọn kọrí sí Àbíjàn ní Kódífúà, níbi tí àwọn ará ìlú wọn ti wà tẹ́lẹ̀. Títí di òní, ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò gba Cotonou, Lomé àti Accra lọ sí Àbíjàn, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n sì ń tẹ̀ lójú ọ̀nà. Faransé kì í ṣe èdè àjèjì ní Èjìgbò, owó sẹ̀fà náà kì í ṣe ohun àjèjì. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kódífúà ní 2002, àti nígbà tí wàhálà ìdìbò tún dá a rú ní 2010 sí 2011, àwọn kan tún kẹ́rù wálé. Ilé sì wà ní ilẹ̀ de àwọn náà, nítorí àwọn tó jìyà 1969 ti sọ fún ọmọ wọn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ilé tí à ń kọ́ báyìí. Ẹ̀yìn ìlú ni ọ̀pọ̀ ń ra ilẹ̀ sí, wọ́n á mọ ọgbà tó ga yí i ká, wọ́n á gbé géètì sí i, wọ́n á fi ọdẹ kan sẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé agbo ilé ti kún, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ilé tí ìyá àgbà kò lè fẹsẹ̀ rìn dé, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n kankan kò gbé inú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì tí èèyàn dá kọ́ fún ara rẹ̀. Fídíò WhatsApp ni onílé fi ń wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, fídíò náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Bí onílé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé yóò di ti gbogbo ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa wí, àwọn ọmọ tí kò bára wọn ṣọdún níbẹ̀ rí ni yóò sì wá jókòó pín in.

Ní àwọn ilé tó ṣì dúró nínú èyí tí àwọn tó ti Gáńà dé kọ́, ìran kẹta ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Orúkọ àti ọdún ṣì wà lókè níwájú púpọ̀ nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páànù ti dípẹtà, tí bàràǹdà òkè ti ń yẹ̀. Ẹ̀yìn ọdún ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí ará Èkó, ará Ìbàdàn àti ará Àbíjàn ṣì wà nílé pọ̀. Wọ́n á pe káfíńtà kó wá wo òkè, yóò sọ iye igi àti iye páànù tí yóò gbà, wọ́n á pín owó náà láàárín ojúlé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ń sunkún àìsí owó yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àǹtí, wọ́n á sì fa owó náà lé ẹni tó ń gbé inú ilé lọ́wọ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé.