Ikọ́ Ẹran Nígbà Ọyẹ́: Oògùn Tí Ó Yẹ àti Èyí Tí Kò Yẹ

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀ wá sí Kaduna, ikọ́ kì í mọ sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan. Eruku a bo òrùlé, òtútù òwúrọ̀ a mú, ooru ọ̀sán a sì tún dé. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé a bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ikun a máa yọ ní imú àgùntàn, adìẹ a sì máa la ẹnu mí bí ẹni tí ó sáré. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kakuri, Sabon Tasha, Kawo àti Tudun Wada kò ṣàjèjì sí ìran yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń fi ọ̀sìn díẹ̀ kún owó oṣù tàbí èrè ọjà. Bí ewúrẹ́ mẹ́ta bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ lè bá a lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olówó ẹran máa ń ṣe ni pé wọn a gba ọjà lọ, wọn a ra oògùn tí aládùúgbò júwe, wọn a sì gún ẹran náà ní abẹ́rẹ́. Bí ó bá yè, wọn a ní oògùn ni ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá kú, wọn a ní ayé ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ikọ́ kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Àmì àrùn ni. Bakitéríà lè fà á, fáírọ́ọ̀sì lè fà á, aràn tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni eruku àti òórùn ìtọ̀ inú ilé ẹran pẹ̀lú lè fà á. Oògùn tí ó ṣẹ́gun ọ̀kan lè má fi ọwọ́ kan èkejì rárá.

Adìẹ àti lùkúlùkú

Àrùn lùkúlùkú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle, ni ó ń pa adìẹ jù lọ ní àkókò ọyẹ́. Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní nǹkan bí ọdún 1952 sí 1953. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, kò sì sí oògùn kankan tí ń wò ó. Ẹni tí ó bá ń bu oògùn apakòkòrò sínú omi adìẹ tí lùkúlùkú ti mú, owó rẹ̀ ni ó ń fi ṣòfò. Àjẹsára ni ààbò, a sì gbọ́dọ̀ fún adìẹ kí àrùn tó dé.

Àjẹsára LaSota ni ọ̀pọ̀ ń lò nínú omi mímu. Ohun alààyè ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà oòrùn a máa pa á, kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ pẹ̀lú a sì máa pa á. Omi kànga tàbí omi òjò tí ó mọ́ ni kí a lò, kí a gbé àjẹsára náà wá láti ọjà nínú yìnyín, kí adìẹ sì mu ún tán láàárín wákàtí kan sí méjì. Fún àwọn tí kò ní ẹ̀rọ amóhun-tutù, irú kan wà tí a ń pè ní I-2, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Australia ṣe kí ó lè fara da ooru ju àwọn yòókù lọ.

Ikọ́ adìẹ mìíràn wà tí kì í pa kíákíá, ṣùgbọ́n tí ń mú kí ọ̀fun wọn máa dún, tí ẹyin sì ń dín kù. Kòkòrò tí ń jẹ́ Mycoplasma ni ó ń fa èyí. Oògùn ń ràn án: tylosin wà, oxytetracycline sì wà. Ṣùgbọ́n kálísíọ́mù tí ó pọ̀ nínú oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin a máa di oxytetracycline mú nínú ìfun, tí kò fi ní wọ ara bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dókítà ẹran yan oògùn náà, kí ó sì sọ bí a ó ṣe lò ó.

Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù

Àrùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní kata a máa mú ibà wá, ikun a máa yọ ní imú, ojú a máa ṣe ipin, ẹnu a bó, ìgbẹ́ gbuuru a sì tẹ̀ lé e. Côte d'Ivoire ni a ti kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1942. Fáírọ́ọ̀sì ni òun náà. Oògùn apakòkòrò tí dókítà ń fún ẹran nígbà náà kò pa kata. Bakitéríà tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tí àárẹ̀ ti mú ni ó ń bá jà. Àjẹsára kata tí ó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ń jẹ́ Nigeria 75/1, nítorí pé Nàìjíríà ni a ti rí irú fáírọ́ọ̀sì náà ní 1975. Ohun ìyanu ni bí ẹran bá ń kú lẹ́yìnkùlé wa nítorí àìrí àjẹsára tí a fi orúkọ orílẹ̀-èdè wa pè.

Ní ti màlúù, àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí àwọn darandaran ti mọ̀ láti ayébáyé. Irú Mycoplasma kan ni ó ń fà á. Pẹnisílìnì kò lè wo àrùn yìí láéláé, nítorí pé ògiri ara bakitéríà ni pẹnisílìnì ń wó, Mycoplasma kò sì ní ògiri kankan. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára rẹ̀, a sì máa ń tún un gún lọ́dọọdún.

Ẹ̀kọ́ Jaji

Kò yẹ kí ará Kaduna gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2006. Ní oko adìẹ kan ní Jaji, lójú ọ̀nà Zaria, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹpẹtẹ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún náà, a kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé àìsàn ẹyẹ H5N1 ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i ní ilẹ̀ Áfríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Nítorí náà, bí ọ̀pọ̀ adìẹ bá kú lójijì, kì í ṣe àkókò oògùn àdábọwọ́ tàbí àkókò títa òkú wọn ní ẹ̀dínwó; àkókò láti ké sí ilé-iṣẹ́ ìṣègùn ẹran ni.

Ewu tí ń bẹ nínú oògùn

Abẹ́rẹ́ tilmicosin lágbára fún ikọ́ màlúù, ṣùgbọ́n ó lè pa ewúrẹ́, bí ó bá sì ṣèèṣì gún ènìyàn, ó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Dexamethasone a máa mú kí ẹran dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín agbára ara láti bá àrùn jà kù, ó sì lè ba oyún jẹ́. Òróró tàbí epo pupa tí a fi agbára dà sí ẹran lẹ́nu lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dá ikọ́ tí ó burú ju ti àtẹ̀yìnwá sílẹ̀.

Ewu kejì kan ẹni tí ń jẹ ẹran. Oògùn a máa kù nínú ẹran, wàrà àti ẹyin fún ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó pa ẹran tàbí kí a tó ta ẹyin wà lára ìgò oògùn náà. Ẹni tí ó gún ewúrẹ́ ní abẹ́rẹ́ lónìí, tí ó sì pa á lọ́la nítorí pé kò yá, oògùn ni ó ń bù fún àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ. Bí a bá sì ń lo oògùn apakòkòrò ní ìlòkulò, kòkòrò a máa kọ́ bí a ṣe ń fara dà á, títí tí kò fi ní ran ènìyàn pàápàá mọ́. Nítorí èyí ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi fòpin sí lílo enrofloxacin fún adìẹ ní 2005, tí ilẹ̀ Yúróòpù sì fi òfin de lílo oògùn apakòkòrò láti mú ẹran sanra ní 2006.

Kí ni ṣíṣe?

Kí a gba àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé. Kí a ya ẹran tí ń wúkọ́ sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù. Kí a máa gbá ilé ẹran, kí a sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọ̀ ọ́. Bí ikọ́ bá dé, kí a wá dókítà ẹran tí ó ní ìwé-àṣẹ. Bí ọ̀ràn bá le, ilé-ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ahmadu Bello kò jìnnà sí Kaduna, ní Zaria ni ó wà. Kí a ka ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára ìgò, kí a fún ẹran ní ìwọ̀n tí ó bá ara rẹ̀ mu, kí a sì lo ó pé iye ọjọ́ tí a dá. Ẹran kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ẹni tí ó ń sìn ín ni ó yẹ kí ó bá a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀.