Bí a ṣe lè fi LEGO kọ́ gáréèjì Stockwell láì jẹ gbèsè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ owó àgbà ló wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí mélòó kan ládùúgbò wa ní Stockwell fẹ́ dá owó jọ kí àwọn ọmọ lè fi bíríkì LEGO kọ́ ilé ńlá kan nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Nítorí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, èmi ni wọ́n ní kí n di àpò mú. Owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ni. Kò gbọdọ̀ ṣòfò, iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ dúró sí ìdajì lójú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, bóyá ó lè wúlò fún ẹlòmíràn ní Peckham tàbí níbòmíràn.

ILÉ WO NI?

Kì í ṣe Tower Bridge o. Gáréèjì bọ́ọ̀sì Stockwell ni. Ẹni tó bá ń gba Lansdowne Way kọjá á rí òrùlé kọnkéré ńlá kan tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì òkun. Oṣù kẹrin ọdún 1952 ni wọ́n ṣí i, ọdún náà gan-an tí tíráàmù àtijọ́ kógbá sílé ní Lọ́ńdọ̀nù tí bọ́ọ̀sì sì gba ipò wọn. Irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí náà kọnkéré ni àwọn ayàwòrán ilé Adie, Button and Partners àti ẹnjiníà A. E. Beer lò.

Ìhà kọnkéré 10 tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ló gbé òrùlé náà dúró. Ìkọ̀ọ̀kan na láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, mítà 59, kò sì sí òpó kankan láàárín. Gígùn òrùlé tó mítà 120. Láàárín ìhà, láti ilẹ̀ dé òkè, mítà 16 ni. Bọ́ọ̀sì 200 ló lè sùn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, òun ni òrùlé tó fẹ̀ jù láìsí òpó ní gbogbo Yúróòpù. Ní 1988, ìjọba kọ ọ́ mọ́ àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó láìgba àṣẹ, ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Grade II*.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí, àwọn mìíràn ń fọ̀ ọ́ lóru. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gáréèjì, á mọ̀ pé ibi tí bàbá tàbí ìyá òun ń lọ nígbà tí òun ń sùn kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ.

ÌWỌ̀N NI KÁ KỌ́KỌ́ MÚ

Kí ẹnikẹ́ni tó ra bíríkì kan, ẹ pinnu bí ilé náà á ṣe tóbi tó. Ibẹ̀ ni gbogbo owó wà.

Ọmọlangidi LEGO ga tó sẹ̀ǹtímítà 4. Tí a bá fẹ́ kí ilé bá a mu, a máa pín ilé gidi sí ọ̀nà 42. Gáréèjì wa á wá gùn tó mítà 2.86, á sì fẹ̀ tó mítà 1.4. Yàrá ta ló fẹ́ gbà á? Ní Legoland tó wà ní Windsor, ìdá kan nínú 20 ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ilé Miniland. Gáréèjì wa níbẹ̀ á gùn ní mítà 6! Ìyẹn ti kọjá agbára wa.

Ìdá kan nínú 100 ni mo fara mọ́. Mítà kan di sẹ̀ǹtímítà kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ pàápàá á ṣírò rẹ̀. Ilé á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, á fẹ̀ ní 59, á ga ní 16. Ó máa wọ orí tábìlì.

Ṣẹ́ ẹ rí i, tí ẹ bá sọ gígùn di ìlọ́po 2, ilẹ̀ àti òrùlé á di ìlọ́po 4. Láti ìdá 100 bọ́ sí ìdá 42, gígùn kàn fi díẹ̀ ju ìlọ́po 2 lọ, àmọ́ bíríkì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6. Ibẹ̀ ni owó ti ń fò lọ tí ojú kò rí i.

ẸNI TÓ Ń KA KÓKÓ

Lórí bíríkì LEGO, àwọn kókó róbótó kan wà. Láti àárín kókó kan dé àárín ìkejì jẹ́ mìlímítà 8. Ṣùgbọ́n gíga bíríkì jẹ́ 9.6, ti pẹlẹbẹ sì jẹ́ 3.2. Pẹlẹbẹ 3 ló tó bíríkì 1. Nítorí náà, tí ọmọ bá ya ilé sórí ìwé oníbọ́ọ̀sì lásán, tó ka àpótí kan sí bíríkì kan, ilé náà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bíríkì 5 ní gíga ṣe déédéé pẹ̀lú kókó 6 ní fífẹ̀. Méjèèjì jẹ́ mìlímítà 48.

Ó yá, gáréèjì ń kọ́? Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kókó 74, gíga rẹ̀ bíríkì 17. Ìhà jẹ́ 10, àmọ́ abala òrùlé tó wà láàárín wọn jẹ́ 9. Ẹ kà á dáadáa, ẹni tó bá ra ti 10 á fowó ṣòfò. Tí a bá fún abala kọ̀ọ̀kan ní kókó 16, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 144, èyí tó fi díẹ̀ kéré sí ìwọ̀n gidi. Ohun tó mú mi yan 16 ni pé ìtẹ́lẹ̀ LEGO tó wọ́pọ̀ ní kókó 32 níbùú lóròó, abala 2 á jókòó sórí rẹ̀ gééré. Ìtẹ́lẹ̀ 15, márùn-ún ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀, á gba gbogbo ilé, á sì ṣẹ́ kù fún títì àti igi.

ABALA KAN ṢOṢO

Ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ má ra ohun èlò ilé, ẹ ra ti abala kan. Ìhà wa máa na tó sẹ̀ǹtímítà 59 láìsí òpó, wàhálà tó bá ẹnjiníà ayé ìgbà náà máa bá àwa náà. Ẹ to pẹlẹbẹ lé ara wọn bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí oríkèé òkè má bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi bíríkì Technic oníhò àti píìnì rẹ̀ dè é láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí kò bá tẹ̀ wálẹ̀, ẹ kọ́ mẹ́jọ tó kù. Kí abala kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí bí ìdérí ìkòkò, kí àwọn ọmọ lè máa rí bọ́ọ̀sì nínú, kó sì ṣeé gbé gba ẹnu ọ̀nà.

Studio, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ti BrickLink, máa jẹ́ kí ẹ kọ́ ọ lójú kọ̀ǹpútà, á sì ka bíríkì fún yín. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: ká ní abala kan gba 600. Mẹ́sàn-án á jẹ́ 5,400. Ògiri àti títì, 2,600. Àpapọ̀ 8,000. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un fún èyí tó máa sọnù sábẹ́ àga, ó di 8,800. Tí ọ̀kan bá jẹ́ pẹ́ńsì 8, £704 nìyẹn, láìka ìtẹ́lẹ̀. Ká ní ìwọ̀n ọmọlangidi la mú ni, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £4,000.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́ọ̀sì o. Bọ́ọ̀sì RT ayé 1952 á gùn ní kókó 10, á fẹ̀ ní 3. Igba wọn á gba kókó 6,000 nínú 10,656 tó wà nílẹ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ tí ọ̀kan bá gba bíríkì 25, igba á jẹ 5,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òrùlé! Bọ́ọ̀sì 20 ti tó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ tirẹ̀.

ÀWỌ̀

Àwọ̀ eérú la nílò fún kọnkéré. Ní nǹkan bí ọdún 2004, LEGO yí àwọ̀ eérú wọn padà, ti tuntun fà sí búlúù díẹ̀. Ẹni tó bá ra àlòkù láìwò, òrùlé rẹ̀ á rí bí aṣọ tí a lẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àwọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ohun ìtìjú. Ekow Nimako, ọmọ Kánádà tí ìdílé rẹ̀ wá láti Gánà, fi nǹkan bí 100,000 bíríkì dúdú nìkan kọ́ Kumbi Saleh, olú-ìlú ilẹ̀ ọba Gánà àtijọ́, bó ṣe rò pé á rí ní ọdún 3020. Wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní Aga Khan Museum ní Toronto ní 2019. Dúdú nìkan ni, síbẹ̀ àwọn èèyàn tò wá wò ó.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin òbí tó ti fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ mú owó abala kan àti ìtẹ́lẹ̀ mẹ́ta wá. Èmi á kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, ẹni tó bá fẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò. Tí abala àkọ́kọ́ bá dúró ṣinṣin, a ó wá sọ ti èkejì. Ire o.