Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ọmọdé

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń ran ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, tí ó ń kólòlò, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ yìí sílẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní ọdún 1945.

Àyẹ̀wò

Etí ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa kò lè rí i kọ́. Àrùn yírùnyírùn àti ibà pọ́njú líle tí ó bá ọmọ tuntun lè ba etí jẹ́. Ọmọ ọdún 2 tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀, bí i “Màmá, wá”, yẹ fún àyẹ̀wò. Gbólóhùn tí a sábà máa ń gbọ́, pé “bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀”, ti fi àkókò ìtọ́jú ọmọ púpọ̀ ṣòfò.

Èdè ilé

Níbi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù ni kí a fi ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan wọn ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá nílé. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì 2 pọ̀ (gb, ẹyọ kan ni), kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà ọmọ tí ó pe búrẹ́dì bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń pè é kò ṣàìsàn. Ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í sì í wo ohùn, èyí tí ó ya ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ sọ́tọ̀. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí ń sọ èdè Kántónì ní Hong Kong fi hàn pé ohùn ni wọ́n ń mọ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Bí ọmọ kékeré bá pe ìrẹsì ní “ìyẹsì”, ohùn rẹ̀ ṣì pé. Èyí tí ohùn ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ lójú ni ó yẹ kí a tún etí rẹ̀ yẹ̀ wò.

Àbùkù tòótọ́ máa ń hàn nínú gbogbo èdè tí ọmọ ń sọ. Bí Yorùbá rẹ̀ bá dán mọ́rán tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tíì gún, akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni, kì í ṣe aláìsàn. Síbẹ̀, àwọn òbí kan ṣì ń gba ìmọ̀ràn pé kí wọ́n pa Yorùbá tì. Èdè 2 kọ́ ni ó ń fa àìtètèsọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá sì gba èdè ilé lọ́wọ́ rẹ̀ lè má rí ohun bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ mọ́.

Ìtọ́jú

Orí ẹní, láàárín ohun ìṣeré, ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Bí ọmọ bá sọ pé “ọkọ̀”, olùtọ́jú á dáhùn pé “ọkọ̀ ńlá” tàbí “ọkọ̀ ń lọ”. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń fi kún un, kò sì ní kí ọmọ tún un sọ tipátipá. Ní ti kíkólòlò, ètò Lidcombe, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Sydney ní Australia, ń kọ́ òbí láti máa yin ọmọ nílé lójoojúmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jáde geere.