Ìràwọ̀ Tí Kò Gbowó Oṣù: Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Ń Di Agbábọ́ọ̀lù Gaelic ní Áyálàǹdì

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ọmọkùnrin ẹni ọdún 18 kan ṣíwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ pápá ìṣeré Croke Park ní ìlú Dublin. David Clifford lorúkọ rẹ̀, òun sì ni balógun ikọ̀ ọ̀dọ́ Kerry. Ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Áyálàǹdì ni wọ́n fẹ́ bá ikọ̀ Derry dù lọ́jọ́ náà. Kí fèrè ìkẹyìn tó dún, Clifford nìkan ti gbá góòlù 4 àti póìǹtì 4. Nínú bọ́ọ̀lù Gaelic, góòlù kan jẹ́ póìǹtì 3, àpapọ̀ tirẹ̀ wá jẹ́ 16. Gbogbo ikọ̀ Derry lódindi, 11 ni wọ́n rí gbá.

Bó bá ṣe bọ́ọ̀lù tí àwa mọ̀ ni, àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù ì bá ti tò síwájú ilé bàbá rẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ohun tí Yorùbá yóò sì kọ́kọ́ béèrè ni pé, èló ni wọ́n ń san fún un? Ìdáhùn rẹ̀ ò gùn: wọn kì í san kọ́bọ̀. Kì í ṣe pé ó kéré lọ́jọ́ orí. Àgbà ìràwọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú eré yìí náà kì í gbowó oṣù lórí bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1884, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Michael Cusack àti Maurice Davin, tó jẹ́ gbajúmọ̀ eléré ìdárayá, pe àwọn èèyàn díẹ̀ jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Thurles. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Áyálàǹdì wà nígbà náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì á gbé eré ilẹ̀ wọn mì. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà là ń pè ní GAA lónìí, òun ló sì ń darí bọ́ọ̀lù Gaelic. Títí di ọdún 1971, ẹni tó bá lọ gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tàbí rọ́gbì, ẹgbẹ́ náà lè lé e. Òfin yẹn ti lọ. Èyí tí kò lọ ni pé a kì í sanwó iṣẹ́ fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú rẹ̀.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò jọ èyí tá a mọ̀. Èèyàn 15 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e kò gbọdọ̀ rìn ju ìṣísẹ̀ 4 lọ kó tó ta á mọ́lẹ̀, tàbí kó jù ú sílẹ̀ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kó sì ta á padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Tọ́mọdé bá ń kọ́ èyí, ẹ̀ẹ̀kan á bà á nímú, ẹ̀ẹ̀kan á sá lọ. Ìgbà tó bá lè máa sáré tete tó ń ta bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ láìwò ó, ó ti ń di agbábọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú àwọ̀n, góòlù ni, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó nínú ẹ̀wù funfun á ju àsíá àwọ̀ ewé. Bó bá gba òkè ọ̀pá ìdábùú kọjá láàárín òpó méjèèjì, póìǹtì ni, àsíá funfun ló sì sáábà máa ń jù.

Àtẹ̀gùn tí ọ̀dọ́ ń gùn bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà, á ti wọ ẹgbẹ́ àdúgbò tí ilé wọn wà. Bàbá ẹnì kan, olùkọ́ tàbí aládùúgbò ló ń kọ́ wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ yìí lo máa ń bá gbá títí wà á fi kógbá wọlé, àyàfi bó o bá kó lọ síbòmíràn. Kò sí olówó tó lè wá rà ọ́. Láti inú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni kaúntì bíi Kerry àti Derry, tó dà bí ìpínlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ti ń ṣa ikọ̀ rẹ̀: ti ọ̀dọ́, ti àwọn tí kò tíì pé ẹni ogún ọdún, àti ti àgbà. Iléèwé girama náà ní ife tirẹ̀, ìyẹn ife Hogan, tí Clifford àti iléèwé rẹ̀ ní Killarney gbà lọ́dún 2016. Àwọn yunifásítì ń du ife Sigerson láti ọdún 1911.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ọmọ kan ṣoṣo lè ní olùkọ́ bọ́ọ̀lù mẹ́rin, kálukú sì ń fẹ́ kó yọjú. Lọ́dún 2018, GAA sọ ìdíje ọ̀dọ́ di ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, ìyẹn ẹni ọdún 17 sísàlẹ̀, kí bọ́ọ̀lù má baà máa kọlu ìdánwò àṣejáde girama, kí ara ọmọ sì lè sinmi díẹ̀.

Owó kò ṣàì pè wọ́n níta. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà jọ ti Gaelic, owó gidi sì wà níbẹ̀. Jim Stynes, ọmọ Dublin, lọ sí Melbourne, ó sì gba Brownlow, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ níbẹ̀, lọ́dún 1991. Tadhg Kennelly láti Kerry gba ife pẹ̀lú Sydney lọ́dún 2005, ó padà sílé, ó tún bá Kerry gba ife lọ́dún 2009. Clifford ní tirẹ̀ jókòó sílé. Ó wọ ikọ̀ àgbà Kerry lọ́dún 2018, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́dún náà. Ọdún 2022 ló tó gba ife àgbà. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe jẹun.

Àwọn kan ń kùn. Croke Park ń gba èrò tó lé ní 82,000, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1999. Ohun tí wọ́n ti rí gbà kò ju owó ọkọ̀ àti ìrànwọ́ díẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba.

Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 2023, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ife àgbà, Clifford tún padà sí Croke Park. Ikọ̀ Fossa, àdúgbò kékeré tó ti wá, ló bá lọ. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ni, òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Paudie àti àwọn aládùúgbò wọn sì gba ife náà.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá tí ẹ ń tọ́mọ ní Áyálàǹdì, bí ọmọ yín bá mú bọ́ọ̀lù yìí wálé láti iléèwé, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè owó. Ẹ jẹ́ kó gbá a, kó lè mọ ìlú, kí ìlú náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ mójú tó ìwé rẹ̀ dáadáa, nítorí bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó, iṣẹ́ mìíràn ni yóò máa bọ́ ọ.